Orí Olókun Ilé-Ifẹ̀: Àtúnyẹ̀wò Ẹ̀sùn Olè Tí Ó Lé Ní Ọgọ́ta Ọdún

Ìfáàrà

Bóyá ni a fi rí iṣẹ́ ọnà Ilé-Ifẹ̀ mìíràn tí òkìkí rẹ̀ kàn tó ti Orí Olókun. Orúkọ rẹ̀ ni Yunifásítì Ifẹ̀ fi pe ibùdó àṣà tí ó dá sílẹ̀ láàrin ìlú ní 1968, ẹgbẹ́ òṣèré tí ó ń jẹ́ orúkọ yìí kan náà sì ni ó kọ́kọ́ gbé eré Ọlá Rótìmí, The Gods Are Not to Blame, jáde. Nígbà tí Èkó gbàlejò Ìdíje Eré Ìdárayá Gbogbo Ilẹ̀ Áfíríkà ní 1973, àwòrán Orí Olókun ni wọ́n fi ṣe àmì ìdíje náà. Síbẹ̀, ní gbogbo àsìkò tí a ń fi orí yìí yangàn, ohun tí ó wà nínú ìwé àwọn onímọ̀ ni pé èyí tí ó wà lọ́wọ́ Ifẹ̀ kì í ṣe ojúlówó. Wọ́n ní ẹ̀dà ni. Wọ́n ní ẹnìkan ti jí ojúlówó lọ, tí ó sì fi ayédèrú dípò rẹ̀. Ẹni tí ó jí i, ọdún tí ó jí i àti ibi tí ó gbé e lọ di àdììtú tí ẹnikẹ́ni kò rí tú.

Iṣẹ́ wa nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti tún ẹ̀sùn yìí gbé yẹ̀ wò. Kí a tó béèrè ẹni tí ó jalè, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè bóyá olè jà rárá. Èrò wa ni pé orí ìrísí ara ère náà nìkan ni ẹ̀sùn yìí dúró lé. Kò sí ẹ̀rí kan tí ó tọ́ka sí ọjọ́, ibi tàbí ọwọ́ tí pàṣípààrọ̀ náà ti wáyé. Ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàì ba àwọn ènìyàn kan lórúkọ jẹ́. Bí a bá ní wọ́n pààrọ̀ ère tí ó wà lọ́wọ́ àwọn àwòrò àti Ààfin Ifẹ̀, àwọn tí a fi ṣọ́ ọ ni a ń sọ̀rọ̀ sí, yálà a dárúkọ wọn tàbí a kò dárúkọ wọn.

Frobenius ní Ilé-Ifẹ̀

Ní apá ìparí ọdún 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ Jámánì tí a bí sí ìlú Berlin ní 1873, dé Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀. Ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Carl Arriens wà lára wọn. Frobenius gbọ́ pé orí idẹ kan wà ní Igbó Olókun, ní apá àríwá ìlú. Nínú ìwé rẹ̀, Und Afrika sprach, tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1913, ó ròyìn pé inú ilẹ̀ ni wọ́n ń rì orí náà mọ́, pé wọn a máa hú u jáde nígbà ọdún, wọn a sì dá a padà sínú ilẹ̀ lẹ́yìn ètùtù. Orí náà dé adé. Ohun kan tí ó dà bí ìyẹ́ dúró ṣánṣán níwájú adé náà. Ilà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sì bo ojú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kí olùkàwé fi àlàyé yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sórí rẹ̀.

Frobenius san pọ́n-ùn mẹ́fà pẹ̀lú ọtí, ó sì gbà pé òun ti ra ère náà. Àwọn ará Ifẹ̀ kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ ti òrìṣà kì í ṣe ohun tí ẹnìkan lè dá tà, owó tí àlejò bá sì fún ẹnìkan kò lè di owó orí ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìjọba amúnisìn, Charles Partridge tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì wá gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ̀yìn Frobenius ni ẹjọ́ náà fì sí: wọ́n ní kí ó dá Orí Olókun padà pẹ̀lú àwọn ohun mìíràn tí ó ti kó. Ó dá a padà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí ó kó ni ó dá padà; àwọn orí amọ̀ sísun kan bá a dé Jámánì, wọ́n sì di ara àkójọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí Berlin.

Frobenius tún ṣe ohun mìíràn tí ó burú ju kíkó ère lọ. Nígbà tí ó rí ẹwà iṣẹ́ Ifẹ̀, kò gbà pé ọwọ́ àwọn baba ńlá Yorùbá ni ó ṣe é. Ó ní àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ tí wọ́n wá tẹ̀dó sí etíkun ni ó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀, pé ilẹ̀ Yorùbá ni Atlantis inú ìtàn wọn, pé Olókun kì í ṣe ẹlòmíràn bí kò ṣe Poseidon. Ilẹ̀ Igbó Olókun fúnra rẹ̀ ni ó wá já èyí ní irọ́. Nígbà tí awalẹ̀pìtàn Abídèmí Babalọlá walẹ̀ níbẹ̀ ní 2011 sí 2012, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó lé ní 12,000, àti àfọ́kù àwọn ìkòkò tí wọ́n fi ń yọ́ ohun tí a fi ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Àyẹ̀wò fi hàn pé láàrin ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń pèsè ìlẹ̀kẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ilẹ̀ àyíká wọn ní. Wọn kò dúró de àlejò kan.

A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó ṣàlàyé bí ìfura ṣe rọrùn nígbà tí ó yá. Àwọn àgbà ní bí ènìyàn bá jalè lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá da àrán borí, aṣọ olè ni ó dà bora. Nígbà tí a sọ pé wọ́n ti pààrọ̀ Orí Olókun, Frobenius ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ lọ bá.

Láti Igbó Olókun dé Ààfin

Lẹ́yìn ẹjọ́ yẹn, orí náà padà sí Igbó Olókun, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1934, nígbà tí Ọ̀ọ̀ni Adésọjí Adérẹ̀mí, tí ó jọba láti 1930 sí 1980, mú un wá sí Ààfin. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni ó wà láàrin ìgbà tí Frobenius rí i àti ìgbà tí ó wọ Ààfin. Inú àlàfo yìí ni àwọn tí ó gbà pé olè jà fi olè náà sí.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó yí ìmọ̀ ayé nípa Ifẹ̀ padà ṣẹlẹ̀. Ní 1938 àti 1939, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, lẹ́bàá Ààfin, wọ́n kan àwọn orí idẹ àti bàbà bíi mélòó kan tí wọ́n jọ ènìyàn gidi. Kò pẹ́ tí díẹ̀ nínú wọn fi kúrò ní ìlú. Ọ̀kan dé British Museum ní London ní 1939. Méjì bọ́ sọ́wọ́ William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣèwádìí ní Ifẹ̀ nígbà náà. Ó dá méjèèjì padà sí Nàìjíríà ní 1950. Ìgbòkègbodò wọ̀nyí ni ó mú kí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí ronú nípa òfin tí yóò dènà kíkó iṣẹ́ ọnà jáde.

Ohun méjì ni Wúnmọníjẹ̀ ṣe fún ọ̀rọ̀ Orí Olókun. Ó fi hàn pé ère náà kì í ṣe àjèjì ní Ifẹ̀, pé ó ní ẹbí. Ṣùgbọ́n ó tún fún àwọn onímọ̀ ní ohun tí wọn yóò fi wé e, inú ìfiwéra yìí ni ẹ̀sùn sì ti jáde.

Ìdájọ́ ọdún 1949

Ní 1948, wọ́n kó àwọn orí Ifẹ̀ lọ sí British Museum, Orí Olókun sì wà lára wọn. William Fagg, òṣìṣẹ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí náà, àti Leon Underwood, agbẹ́gilére tí ó mọ iṣẹ́ idẹ dáadáa, yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ní 1949 wọ́n tẹ àbájáde wọn sínú ìwé àtìgbàdégbà Man. Wọ́n ní ara Orí Olókun kò dán bí ti àwọn orí Wúnmọníjẹ̀. Ó rí hóló hòlò. Wọ́n ní ìrísí yìí fi hàn pé inú àwòṣe iyanrìn ni wọ́n ti da idẹ náà, nígbà tí ó jẹ́ pé ìda oyin ni àwọn ará Ifẹ̀ àtijọ́ ń lò.

Ó yẹ kí a ṣàlàyé ìyàtọ̀ yìí. Ní ọ̀nà ti Ifẹ̀, oníṣẹ́ ọnà yóò fi ìda oyin ya orí náà, yóò fi amọ̀ bò ó, yóò sì fi iná sí i. Ìda yóò yọ́ dànù, idẹ yíyọ́ yóò sì gba ipò rẹ̀. Nítorí pé ìda náà ti yọ́ dànù, tí wọn yóò sì fọ́ amọ̀ kí ère tó jáde, ère kan ṣoṣo ni ìṣẹ́ kan lè bí. Ní ti iyanrìn, ère tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni a ó tẹ̀ mọ́ iyanrìn tútù kí ó fi àpá rẹ̀ sílẹ̀, a ó sì da idẹ sí ojú àpá náà. Ọ̀nà yìí rọrùn fún ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe ẹ̀dà, òun sì ni ilé iṣẹ́ ìdádẹ Yúróòpù ń lò. Nípa bẹ́ẹ̀, bí Fagg àti Underwood bá jàre, Orí Olókun tí ó wà ní Ifẹ̀ jẹ́ ọmọ tí wọ́n fi ìyá rẹ̀ tẹ̀, ìyá náà sì ti sọnù.

A kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Wọ́n wo ohun tí ojú lè rí ní ìgbà tiwọn, wọ́n sì sọ ọ́ bí wọ́n ti rí i. Ṣùgbọ́n kí olùkàwé kíyè sí ohun tí ìdájọ́ náà kò ní. Kò dárúkọ olè. Kò fi ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti da ẹ̀dà náà hàn. Kò sí ẹnikẹ́ni tí ó sọ pé òun rí orí méjì papọ̀ rí. Síbẹ̀, ìdájọ́ yìí wọ inú ìwé lọ, ó sì di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń kà gẹ́gẹ́ bí òótọ́ tí a ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ìrìn àjò sí Bahia

Bí ẹ̀sùn náà ti wọ àwọn ọ̀mọ̀wé Yorùbá lọ́kàn tó hàn nínú ìtàn kan tí Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sọ nínú ìwé ìrántí rẹ̀, You Must Set Forth at Dawn, tí ó jáde ní 2006. Ní apá ìparí ọdún 1970 sí 1979, nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́ pé ojúlówó Orí Olókun wà ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, nínú ilé aládàáni kan. Ohun tí wọ́n gbà pé Pierre Verger sọ ni ó fa ìgbàgbọ́ yìí. Verger jẹ́ ayàwòrán ọmọ Faransé, ó ti di babaláwo tí a ń pè ní Fátúmbí, ó sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó mọ ìtàn àárín Brazil àti ilẹ̀ Yorùbá jù lọ.

Ṣóyínká rìnrìn àjò lọ sí Brazil. Wọ́n dọ́gbọ́n mú ère náà kúrò nílé tí ó wà, wọ́n sì gbé e kọjá òkun. Nígbà tí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, wọ́n rí i pé kì í ṣe idẹ rárá. Ọ̀kan lára àwọn àwòṣe tí British Museum ń tà fún ẹni tí ó bá fẹ́ rà ni. Ìfura tí ó rọ̀ mọ́ Verger nítorí ọ̀rọ̀ yìí dá wàhálà sílẹ̀ fún un ní Nàìjíríà, Ṣóyínká sì kọ ọ́ sínú ìwé náà pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn.

Àwọn kan máa ń ka ìtàn yìí bí àpárá. Ní ojú ti wa, ẹ̀rí pàtàkì ni. Ó fi hàn pé ìdájọ́ 1949 ní agbára láti mú kí àwọn tí wọ́n gbọ́n jù lọ láàrin wa fi ère tí ó wà ní Ifẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì la òkun kọjá nítorí ayédèrú. Ó tún fi hàn bí ẹ̀sùn tí kò ní ẹlẹ́ṣẹ̀ kan pàtó ṣe ń wá ẹni tí yóò bà lé: lónìí Frobenius, lọ́la ará Ifẹ̀ kan tí a kò dárúkọ, lọ́túnla Verger. Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, bí ìwádìí tí ó tẹ̀ lé e ti fẹ́ fi hàn, lè ti wà nínú àpò ṣòkòtò.

Àyẹ̀wò tuntun

Ní 2010, àfihàn ńlá nípa iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ wáyé ní British Museum, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ wáyé ní ilẹ̀ Spain. Orí Olókun wà lára ohun tí Nàìjíríà yá wọn. Paul Craddock àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ lo àǹfààní náà láti fi irinṣẹ́ ìgbàlódé yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì tẹ àbájáde wọn jáde ní 2013.

Ìpinnu wọn yàtọ̀ sí ti 1949. Wọ́n rí i pé ọ̀nà ìda oyin ni wọ́n gbà ṣe ère náà, pé ohun tí ó wà nínú idẹ rẹ̀ kò ta ko ti àwọn ère Ifẹ̀ yòókù, àti pé ó ṣeé ṣe gidigidi kí ó jẹ́ pé orí yìí gan-an ni Frobenius rí ní 1910. Bí èyí bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìyá tí ó sọnù. Olè tí a ti ń wá fún ọgọ́ta ọdún ó lé kò sí.

Kí wá ni ó dé tí ara rẹ̀ fi yàtọ̀ sí ti àwọn orí Wúnmọníjẹ̀? Èrò tiwa nìyí. Àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ sùn sínú ilẹ̀ láìsí ẹni tí ó fọwọ́ kàn wọ́n títí di 1938. Bí ìròyìn Frobenius bá jẹ́ òótọ́, ìgbésí ayé Orí Olókun kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń hú u, wọ́n ń bọ ọ́, wọ́n sì ń rì í padà. A kò lè retí kí ara ohun tí ilẹ̀, omi àti ọwọ́ ènìyàn ti ń bá lò léraléra rí bákan náà pẹ̀lú ara ohun tí kò kúrò lójú kan.

Bẹ́ẹ̀ ni a ní àpẹẹrẹ pé Ifẹ̀ lè pa ère mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ojú Ọbalùfọ̀n, ère ìbòjú tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì bàbà, wà ní Ààfin láti ìgbà ìwáṣẹ̀, a kò sì rì í mọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ àti ìtàn rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tí ó ń tọ́jú rẹ̀, nítorí Ọbalùfọ̀n ni Ifẹ̀ gbà pé ó ni iṣẹ́ idẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ èyí yóò ronú lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó sọ pé àwọn ará Ifẹ̀ kò mọ̀ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ohun tí wọ́n ń bọ.

A kò sọ pé ẹjọ́ ti parí. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ 2013 jẹ́ ọ̀rọ̀ onímọ̀, ẹlòmíràn sì lè tún un yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti tún ti 1949 yẹ̀ wò. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹrù ẹ̀rí ti kúrò ní èjìká Ifẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣì ń sọ pé olè jà ni ó kù fún láti fi olè hàn.

Àwọn tí wọ́n jí ní tòótọ́

Ẹ̀sùn tí ó lé ní ọgọ́ta ọdún yìí ní ìpalára mìíràn: ó gba àfiyèsí tí ó yẹ kí a fún àwọn olè tí ó dájú. Ní oṣù kìíní 1987, wọ́n fọ́ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ó wà ní Jos, wọ́n sì jí ohun mẹ́sàn-án lọ. Orí Ifẹ̀ kan wà lára wọn. Ní 2007, wọ́n ta orí náà ní gbàǹjo ní ilẹ̀ Belgium bí ohun tí kò níye lórí, ní 2017 ni ó sì jáde ní London nígbà tí wọ́n gbé e wá fún títà. Ní 1993 àti 1994, àwọn olè wọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Ilé-Ifẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn wọ̀nyí kò ní òkìkí. Kò sí ìdíje tí wọ́n fi àwòrán wọn ṣe àmì, kò sì sí ọ̀mọ̀wé tí ó la òkun kọjá nítorí wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí ẹ̀sùn Orí Olókun kò ní: ọjọ́ tí wọ́n sọnù, ibi tí wọ́n ti sọnù, àti àkọsílẹ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ó jẹ́ kí a lè dá orí Jos mọ̀ ní London lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún.

Ìkádìí

Ohun mẹ́ta ni a rò pé ó yẹ kí ó tẹ̀ lé àtúnyẹ̀wò yìí. Àkọ́kọ́, kí a tún àwọn ìwé ìkọ́ni àti àkọlé ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí wò, kí a má ṣe máa pe Orí Olókun ní ẹ̀dà bí ẹni pé kò sí ìwádìí mìíràn lẹ́yìn 1949. Èkejì, kí àwọn onímọ̀ nílé ṣe àyẹ̀wò tiwọn, nítorí ìlú kan náà ni ìdájọ́ 1949 àti ti 2013 ti wá. Kí wọ́n fi ère náà wé àlàyé Frobenius ní ìlà dé ìlà: adé, ìyẹ́ orí adé, àti ilà ojú.

Ẹ̀kẹta ni ó kan àwa tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ Yorùbá jù lọ. Láti 1910 títí di òní, ọ̀rọ̀ àwọn àlejò ni ó pọ̀ jù nínú àkọsílẹ̀ lórí Orí Olókun. Ó yẹ kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tí ìbọ Olókun jẹ́ tiwọn ní Ifẹ̀, kí a béèrè ohun tí wọ́n jogún nípa ẹni tí ó ń hú orí náà, ẹni tí ó ń wẹ̀ ẹ́, ohun tí wọ́n fi ń wẹ̀ ẹ́, àti bí ó ṣe kúrò nínú igbó lọ sí Ààfin ní 1934. Idẹ lè sọ bí wọ́n ṣe dá a fún wa. Àwọn ìdílé wọ̀nyí nìkan ni ó lè sọ ọwọ́ tí ó ti kọjá, kí àwọn àgbà tí ó mọ̀ ọ́n tó tán.